Ọjọ́ Tí Mo Se Ìwúkàrà Ilé Ọkọ Mi Mọ́ Aṣọ

Èmi Gudveig, mo ti bí ọmọ mẹ́ta, mo ti gbẹ̀bí màlúù tó ju ogún lọ, mo sì ti bá ọkọ mi gbé fún ọdún mẹ́rìnlá kí n tó ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ má rò pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Àgbàlagbà ni mí, ojú mi là, orí mi pé, mo sì kó ìwúkàrà ilé ọkọ mi sínú ìkòkò aṣọ tó ń hó, mo da ọṣẹ sí i, mo tún fi igi rò ó dáadáa.

Ẹni tí kì í pọntí lè máa wò mí pé kí ló wá ṣẹlẹ̀. Ní àfonífojì tiwa ní Nọ́wè, kò sí ilé tó ń ṣe Kérésìmesì láìpọntí. Ọkà báálì oko rẹ ni wàá rẹ sómi, wàá jẹ́ kó hù, wàá yan án, wàá lọ̀ ọ́. Omi tí o fi ẹ̀ka igi júnípà sè ni wàá sì fi pò ó. Gbogbo ìyẹn, ẹni tó bá lápá lè ṣe é. Ohun tó ń sọ omi ọkà di ọtí ni ìwúkàrà, ìwúkàrà wa kì í sì í ṣe ohun tí à ń rà. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi la ti gba tiwa. Òun náà bá a nílé ni. Ẹni tó bá a lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Lọ́dọọdún, tí ọtí bá ń hó, Tormod ọkọ mi á bu ìfófòó orí rẹ̀ sórí aṣọ ọ̀gbọ̀ kan, á sá a lẹ́bàá ààrò títí á fi gbẹ, á ká a, á tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Tí ẹ bá rí aṣọ náà, ẹ ó rò pé èyí tí wọ́n fi ń nu ẹsẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ṣoṣo, Eivind, ló ń gbé ní ilé òkè. Ilé ìsàlẹ̀ ni tiwa. Kò gbéyàwó, kò bímọ, ẹṣin rẹ̀ ló sì ń bá sọ̀rọ̀ jù láyé. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti di ọdún kẹjọ tí òun àti Tormod ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó fà á ò ju báyìí lọ: àwọn aládùúgbò wá tọ́ ọtí tuntun wò nílé wa, Eivind mu ẹnu kan, ó fajú ro, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ fún ajá. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú, ó lọ sùn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Tormod nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ọ̀nà rèé." Eivind mú fìlà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún tẹ ẹnu ọ̀nà ilé ìpọntí wa mọ́.

Ṣùgbọ́n ìkòkò bàbà ńlá kan ṣoṣo ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ọ̀kan á pọntí, á gbé ìkòkò fún èkejì. Ojúkojú ni wọ́n ń dúró tí wọ́n bá ń gbé e fún ara wọn, èmi á sì wà láàárín.

"Gudveig, sọ fún ọkọ rẹ pé ọwọ́ kan lára ìkòkò yìí ti ń mì."

"Gudveig, sọ fún ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ pé mo lójú."

"Ẹ̀gbọ́n Eivind, ó ní òun lójú."

"Mo gbọ́."

"Tí ẹ bá gbọ́, kí lẹ wá fi mí ṣe níbí? Ẹran mi ń jóná lórí iná!"

Báyìí la ṣe ń ṣe é fún ọdún mẹ́jọ.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ó ku ọjọ́ méjìlá kí Kérésìmesì pé. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe èyí tí à ń fẹnu sọ. Tí o bá fọwọ́ lásán kan irin, awọ rẹ á ṣẹ́kù síbẹ̀. Èémí àwọn màlúù dì mọ́ fèrèsé abà bí ẹni fi ìyẹ̀fun kùn ún. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn ará wa fẹ́ràn láti fi pọntí, torí kò sí iṣẹ́ oko tó ń pe èèyàn, iná ìpọntí sì dùn ún yá. Tormod ti jí kí àkùkọ tó ronú àtikọ. Ó ti dáná sábẹ́ ìkòkò bàbà, ó sì ti ń kọrin.

Èmi ní tèmi, aṣọ ni mò ń fọ̀. Kí Kérésìmesì tó dé, gbogbo aṣọ ọ̀gbọ̀ inú ilé ló gbọ́dọ̀ wọ omi gbígbóná. Mo ti kó aṣọ tábìlì, aṣọ ìnura àti aṣọ ìrọ̀rí jọ sórí àga lẹ́bàá ààrò. Nígbà tí mo jáde lọ pọnmi, Tormod wọlé, ó mú aṣọ ìwúkàrà jáde nínú àpótí, ó sì fi í lé orí àga kan náà kó lè yá gágá. Mi ò ní kí ẹ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ibi tí mo ti bá aṣọ náà ni mò ń sọ.

Mo dé, mo gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ra, mo sọ ọ́ sínú ìkòkò aṣọ tó ń hó. Ó tó wákàtí kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tábìlì jáde. Aṣọ ìnura jáde. Lẹ́yìn náà ni aṣọ pélébé kan jáde tó funfun bí eyín ọmọdé, lẹ́tà méjì tí wọ́n fi òwú pupa kọ sí igun rẹ̀. Orúkọ ìyá ọkọ mi ni lẹ́tà méjèèjì dúró fún. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń rí aṣọ náà, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà ní igun rẹ̀, torí ìwúkàrà ti bò ó.

Mo jókòó lórí igi ìdáná.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn Tormod láti ẹnu ọ̀nà ilé ìpọntí. "Gudveig! Omi ọkà ọdún yìí, oyin ni! Tó bá fi máa di aago mẹ́ta, ó ti yẹ fún ìwúkàrà. Jọ̀ọ́, bá mi sún aṣọ yẹn mọ́ ààrò kí òtútù má mú un o!"

Mo ní, "Òtútù ò lè mú un."

Mi ò sì purọ́.

Mo ronú títí. Omi ọkà tí kò rí ìwúkàrà lọ́jọ́ tí a pò ó, tó bá di ọjọ́ kejì, kíkan ló ń kan. Ọkà ọdún kan gbáko á di ohun tí à ń dà fún ẹlẹ́dẹ̀. Àfi kí n lọ tọrọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń fi ìwúkàrà du ẹlòmíràn. Ọ̀tá rẹ paraku bá dé, wàá bu fún un, ẹ ó sì máa bá ìjà yín lọ. Nínú gbogbo àfonífojì, ilé kan ṣoṣo tún ni ìwúkàrà ìyá wọn wà. Mo wọ kóòtù lórí kóòtù, mo fi aṣọ pélébé náà pa mọ́ sábẹ́ wọn, mo sì gun òkè lọ bá Eivind.

Abà ni mo ti bá a, ó ń fún ẹṣin rẹ̀ ní koríko. Ó wo ojú mi.

"Ta ló kú?"

"Kò tíì sí. Tó bá di aago mẹ́ta, ẹnì kan lè kú."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín, èyí sì yà mí lẹ́nu. Mo dúró kó lọ gbé ìwúkàrà wá. Kò kúrò lójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ etí ẹṣin, ẹṣin náà kò sì ní kó họ òun létí.

"Gudveig, tí mo bá sọ nǹkan fún ọ, ṣé á dé etí ọkọ rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo fi ọṣẹ fọ ìwúkàrà, ṣé èmi ni màá máa tú àṣírí ẹlòmíràn?"

"Èkúté ti jẹ tèmi."

"Nígbà wo?"

"Ọdún kẹta rèé."

Mo fi ọwọ́ ka ọdún mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìjọ ló mu ọtí Eivind, wọ́n sì yìn ín títí. "Kí lẹ wá ń fi pọntí láti ìgbà yẹn?"

Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè àjà. "Ti búrẹ́dì. Èyí tó ń wà nínú bébà ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ìwúkàrà búrẹ́dì! Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọtí wa fún ajá mu!"

"Rọra pariwo, ẹṣin ń gbọ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Ìwúkàrà ìyá wọn ti parun nílé òkè, ó ti parun nílé ìsàlẹ̀, àwọn tó ni ín ò sì mọ̀ nípa ara wọn. Eivind ló kọ́kọ́ gbé orí sókè.

Ó ní, "Màámi bu fún Ìyá Ragna nígbà kan."

Ìyá Ragna ń gbé ní òdìkejì adágún, òun nìkan, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. "Ìyá Ragna ò pọntí mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọdún mẹ́rìndínlógún, Ẹ̀gbọ́n. Á ti jù ú nù."

"Ìyá Ragna? Okùn bàtà tó já gan-an, kì í jù ú nù." Ó ti ń mú ìjánu ẹṣin lára ògiri. "Wọ ìbọ̀wọ́ rẹ. A ó gba orí adágún."

Báyìí ni èmi àti Eivind ṣe jókòó sínú ọkọ̀ orí yìnyín, ẹṣin ń fà wá, agogo ọrùn rẹ̀ ń dún. Ojú ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìpọntí wa gan-an. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo wọ̀ ti pọ̀ jù. Tormod gbọ́ agogo, ó jáde pẹ̀lú ṣíbí onígi gígùn lọ́wọ́, ooru ń rú lára rẹ̀.

"Gudveig! Gudveig o! Ibo lò ń lọ? Ta lò ń bá lọ?"

Mo juwọ́ sí i bí ẹni ń kí èèyàn.

Eivind wí lábẹ́ ẹnu pé, "Sọ fún un pé a ò ní pẹ́."

"Mo ti ṣíwọ́ iṣẹ́ yẹn lónìí. Ẹ sọ fún un fúnra yín."

Ó la ẹnu, ó wo ẹ̀yìn, ó pa ẹnu dé, ó sì ta ẹṣin ní ìjánu. A já sórí adágún. Omi náà ti dì nípọn débi pé ìlú kan lè jó lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ké lábẹ́ wa bí ìgbà tí ẹranko ńlá bá ń yí ara padà lójú oorun. Òtútù ló ń fà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún di ọwọ́ Eivind mú.

Ìyá Ragna ń hun ìbọ̀sẹ̀ lẹ́bàá ààrò rẹ̀. Etí rẹ̀ mú fún ohun tó bá fẹ́ gbọ́ nìkan.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ìwúkàrà la wá tọrọ."

"Ẹ jókòó, kí n gbé kọfí kaná."

"Màmá, ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá, omi ọkà wà lórí..."

"Ṣé ẹ fẹ́ wàràkàṣì sí i?"

A jókòó, a mu kọfí, a jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti wàràkàṣì, mò ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Nígbà tí ife Eivind gbẹ tán ni ìyá wá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀kan nínú yín ba ìwúkàrà jẹ́."

"Àwa méjèèjì ni, Màmá," Eivind ló dáhùn bẹ́ẹ̀.

"Ìyá yín ìbá ti fi igi lé yín yí ilé ká."

Ó kọ̀ kí a bá òun gun àjà. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè, a gbọ́ tó ń ṣí àpótí, tó ń tì í, tó ń bá ara rẹ̀ jà. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin kan tó nípọn. Inú ìbọ̀sẹ̀ náà ló ti fa ohun kan jáde, igi kéékèèké tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì so pọ̀ mọ́ra bí ẹ̀gbà ọrùn, ìwúkàrà gbígbẹ dì mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó dúdú bí èèpo búrẹ́dì tó jóná. Ó gbé e sí imú.

Mo bi í pé, "Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

"Èmi ò mọ̀. Àwọn àárọ̀ mìíràn wà tí n kì í mọ̀ bóyá èmi fúnra mi wà láàyè, àfi tí mo bá mu kọfí tán."

Eivind na ọwọ́ láti gbà á. Ìyá fà á sẹ́yìn. "Ta ló ní kí o gbé e lọ? Gbé kóòtù mi wá."

"Màmá, pẹ̀lú òtútù yìí?"

"Òtútù yìí mọ̀ mí. A ti jọ wà tipẹ́."

Ó ki ìwúkàrà náà bọ àyà, lábẹ́ aṣọ mẹ́ta. A fi awọ àgùntàn onírun dì í bí ẹrù, imú rẹ̀ nìkan ló hàn síta. Nígbà tí a dé àárín adágún, mo gbọ́ tó ń kọrin.

Aago méjì ti kọjá nígbà tí a padà dé. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Tormod dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìpọntí, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, eérú kùn ún lójú. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá. Ó dojú kọ mí.

"Gudveig, bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọ lọ pé..."

Ẹrù awọ àgùntàn tó wà lẹ́yìn mi sọ̀rọ̀. "Tormod, gbé mi sọ̀kalẹ̀. Ìdí mi ti dì."

Ó fò sókè. "Ìyá Ragna!" Ó gbé e, ó gbé e wọlé, ó gbé e jókòó lẹ́bàá iná. Mo wọlé tẹ̀lé wọn. Eivind dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń tún ìjánu so. Ìjánu náà kò tú.

Ìyá Ragna pariwo, "Ta ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Eivind! Wọlé, kí o tì í!"

Ó ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé èkejì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ẹ̀yìn tì í bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yàwòrán rẹ̀.

Kò sí ohun tí mo tún lè fi bò ó. Mo fa aṣọ ọ̀gbọ̀ náà yọ lábẹ́ kóòtù mi, mo nà án sí ọkọ mi. Ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́, ó wo lẹ́tà pupa méjèèjì.

"O fọ̀ ọ́."

"Mo fọ̀ ọ́."

"Pẹ̀lú ọṣẹ."

"Pẹ̀lú ọṣẹ, Tormod. Mi ò mọ̀ pé ó wà nínú wọn."

Ì bá bú mi, ara ìbá tù mí. Kò bú mi. Ó yíjú sí iná, ó ń fi àtàńpàkò ra igun aṣọ náà, èjìká rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe ọtí ló ń rò. Ohun tó kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ni mo sè.

Eivind lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Tormod, má bínú sí i. Èkúté ti jẹ tèmi láti ọdún mẹ́ta. Ti ṣọ́ọ̀bù ni mo fi ń pọntí."

Tormod kò yíjú. Mo rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ó ń sunkún.

"Ti búrẹ́dì?"

"Ti búrẹ́dì."

"Èyí tí wọ́n mu ní ṣọ́ọ̀ṣì? Tí wọ́n ní irú rẹ̀ ò sí?"

"Òun náà ni."

"Ẹ̀gbọ́n!" Tormod yíjú, omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún gbogbo ìjọ ní búrẹ́dì mu!"

Eivind gbìyànjú láti le ojú. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún gbá ògiri mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí wọn ò fi lè mí mọ́. Èmi jókòó ti Ìyá Ragna, mò ń nu ojú.

Ìyá ní, "Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, omi ọkà yẹn ń tutù."

Tormod ki ìgúnpá bọ àgbá igi tó ti da omi ọkà sí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi wàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́. Ìyá Ragna yọ ìwúkàrà láyà rẹ̀, ó gbé e fún àwọn méjèèjì pa pọ̀, wọ́n sì jọ sọ ọ́ kalẹ̀ sínú àgbá. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá da ìwúkàrà sí ọtí gbọ́dọ̀ pariwo. Bí ariwo bá ṣe pọ̀ tó ni ọtí á ṣe lágbára tó. Ẹni tó bá dákẹ́, ọtí aláìlẹ́nu ló máa mu. A pariwo! Tormod bú bíi màlúù, Eivind ń ké bí ẹni jábọ́ látorí òkè, èmi náà ṣe tèmi. Ti Ìyá Ragna bò wá mọ́lẹ̀ pátápátá. Níta, ẹṣin yán, ó dá wa lóhùn. A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àti awọ àgùntàn bo àgbá náà, a sì lọ jẹun.

Ìwúkàrà tiwa kì í pẹ́. Tó o bá dà á ní ọ̀sán, kí ilẹ̀ tó mọ́ ìfófòó á ti kún. Ní àárọ̀ Ẹtì, Tormod ṣí awọ. Omi náà dúró jẹ́ẹ́, kò mira, ojú ara rẹ̀ ló rí nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán, bákan náà.

Eivind ti wá láti àárọ̀. Ó ní Ìyá Ragna lòun wá kí, torí ìyá sùn sílé wa. Ó kí i tán, ó lọ gbé etí lé ara àgbá.

"Mo ń gbọ́ nǹkan kan."

Tormod gbé etí lé òdìkejì. "Inú yín lẹ ń gbọ́. Ẹ ò tíì jẹun."

"Dáná sí i."

"Tí mo bá dáná jù, yóò jóná."

"Tí o ò bá dáná tó, yóò dì."

"Ta ló pọn ọtí níbí, èmi tàbí ẹ̀yin?"

"Kò sẹ́ni tó tíì pọntí. Omi ọkà lo ṣì ní."

Ìyá Ragna wà lórí àga rẹ̀, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó sùn fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ ní kó dìde kó máa jó lẹ́sẹ̀kan náà?"

Eivind jáde. Nígbà tó padà dé, ó ru awọ àgùntàn mẹ́rin lé èjìká, àwọn tó nípọn, èyí tó ń tẹ́ àti èyí tó fi ń bora lórí ibùsùn ara rẹ̀. Ó fi wọ́n wé àgbá náà, ó ń fún wọn mọ́ ọn bí ìgbà tí wọ́n ń di ọmọ tuntun.

Tormod dúró, ó ń wò ó. "Kí lẹ máa fi bora?"

"Kóòtù mi ń bẹ."

"Nínú òtútù yìí?" Ó họ orí. "Ẹ wá sùn sílé wa. Yàrá àjà wà níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó ní kí n jẹ́ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo rọra gba inú ilé lọ, mo lọ tẹ́ ibùsùn yàrá àjà.

Àárọ̀ Sátidé, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ilé ìpọntí, kí n lè fi igi sí iná. Mo ti tẹ́ ọkàn mi sílẹ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ín. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì dúró. Ohun kan ń dún bí òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lórí òrùlé ilé tó jìnnà. Òórùn kan kọlu imú mi, ó jọ ti èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Mo gbé etí awọ àgùntàn kan sókè. Ìfófòó ti kún dé ẹnu àgbá, ó nípọn, ó pọ́n, ó ń mí sókè sódò.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo fi ọwọ́ kan ìgbátí àgbá náà, mo ní, "O ṣeun." Lẹ́yìn náà mo figbe ta. Tormod àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sá jáde nínú ilé pẹ̀lú ṣòkòtò àwọ̀sùn, ẹsẹ̀ lásán nínú bàtà onígi, nínú yìnyín, wọ́n ń dí ara wọn lọ́nà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí àwọn aládùúgbò wá tọ́ ọ wò, ilé kún. Mo sọ ọ̀rọ̀ aṣọ náà fún wọn fúnra mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Eivind náà sọ tirẹ̀. Wọ́n ti ń pè é ní Alábúrẹ́dì kó tó parí gbólóhùn. Nígbà tí abọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ó mu, ó tún mu. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó nu ẹnu.

"Ó jọ ti Màámi."

Tormod ṣe bí ẹni tí igi inú iná ò tó fún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to igi tí kò yẹ kó tò.

"Kò jọ ọ́," Ìyá Ragna ló wí bẹ́ẹ̀. "Ti ìyá yín le ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì ni yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n pọn."

Ọ̀nà mẹ́ta la pín ìfófòó ọdún náà sí. Eivind tọ́jú tirẹ̀ sínú agolo onídèérí. Ti Ìyá Ragna padà sórí ẹ̀gbà igi rẹ̀. Tiwa wà lórí aṣọ ọ̀gbọ̀, Tormod sì fi ìṣó kàn án mọ́ ara ògiri lókè réré, níbi tí ọwọ́ mi ò dé. Mo ní kò burú.

Ìyá Ragna kò lọ sílé títí ọdún tuntun fi lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní òtútù pọ̀ jù, òun kan náà tó sọ fún wa pé òtútù mọ òun. Ọjọ́ tí a gbé e padà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la tẹ̀lé e. Tormod la igi tó máa lò títí di oṣù Kẹta, Eivind gun òkè ilé ìyá lọ gbá yìnyín kúrò lórí òrùlé, èmi sì tẹ́ ibùsùn, mo gbé kọfí kaná. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ò dákẹ́ láti ìgbà tí a dé. Wọ́n ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń to igi, ọ̀kan ní kí èèpo rẹ̀ dojú kọ òkè, èkejì ní kó dojú kọ ilẹ̀. Ìyá Ragna fi ọwọ́ pè mí sí ẹnu fèrèsé. Oòrùn tí a ò rí láti oṣù Kọkànlá ti yọ etí kékeré kan lókè orí òkè, ó ta sórí adágún, ó ta sórí àwo tábìlì rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi tún wọlé.

Ìyá ní, "Ó ti ń padà bọ̀. Da kọfí."